Màámi, Pikọ́ọ̀pù Tí Ẹ Ní Kí N Tà

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Jọ́ọ̀sì níbí. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ọ̀fà, mo kí Bàbá Lèmọ́mù àti gbogbo àdúgbò. Kí Ọlọ́run forí jin Bàbá wa tó ti lọ. Mo kí Sìdíkátù, àbúrò mi, tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Sìdí, má fo ìlà kankan o. Mo mọ̀ ẹ́, tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn díẹ̀, wàá ní ó ti parí.

Ara mi le, Alihamudulilahi. Òtútù ibí ti dé. Tí mo bá lanu láàárọ̀, èéfín ló ń jáde bí ẹni pé mo ń dáná níkùn. Ẹ̀wù òtútù tí ẹ rà fún mi lọ́jà Owódé ni mo ṣì ń wọ̀. Ìgunpá rẹ̀ lu, mo fi àjákù ṣòkòtò lẹ̀ ẹ́ pa, kò ná mi ní kọ́bọ̀. Iṣẹ́ náà ń lọ. Pòtétò àti kábéèjì ni mo ṣì ń kó láti oko wá sọ́jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò rí ẹni bá ṣàwàdà. Tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ ilé wa fún Músá mekáníìkì, aládùúgbò mi, ó máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ kí n tó dé ibi tí ẹ̀rín wà ló ti ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ pikọ́ọ̀pù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Nínú lẹ́tà tí Sìdí bá yín kọ kẹ́yìn, ẹ ní orúnkún kò jẹ́ kí ẹ lè lọ ra iṣu ní Ojoku mọ́, àti pé àwọn ọlọ́kọ̀ kì í fẹ́ wọ ọ̀nà oko tí òjò bá ti dé. Ẹ ní kí n ta àlòkù irin yẹn, kí n máa bọ̀ wálé wá ràn yín lọ́wọ́.

Kí ẹlòmíràn tó bá ka lẹ́tà yìí lè mọ ìdí tí ẹ fi ń bá irin jà, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Lọ́dún tí ẹ wọ rélùwéè wá kí mi, ọkọ̀ náà ni mo fi wá pàdé yín. Ó ga jù fún yín. Alábàárù kan ń fà yín lọ́wọ́, èkejì ń tì yín lẹ́yìn. Nígbà tí ẹ jókòó tán, ẹ ní wọ́n gbé yín bí àpò gààrí tó ń jò, ẹ sì búra pé ẹ ò ní wọ ọkọ̀ náà mọ́ títí tí yóò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún àgbà. Takisí lẹ wọ̀ lọ sí ibùdó rélùwéè nígbà tí ẹ ń padà, èmi ni mo sanwó ẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Màámi, mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Mo gbé gálọ́ọ̀nù òfìfo lé orí ọkọ̀ kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé títà ni. Obìnrin méjì ló kọ́kọ́ dé. Kẹrosíìnì ni wọ́n fẹ́ rà.

Ẹ mọ̀ pé n kì í tajà láìmọ ohun tó ná mi. Nígbà tí mo rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń wa kùsà tánganran níbí, ó ti darúgbó, àmọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń wọ́ ara rẹ̀, kò sí ẹrẹ̀ tó lè dá a dúró. Èmi ni mo yọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti dógùn-ún, tí mo fi pákó ìrókò kan òmíràn. Mo fi sípíríìnì lọ́rì sí i, mo kùn ún láwọ̀ ewé. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo ní kí jórinjórin jó àtẹ̀gùn onírin méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ibi tí ẹ jókòó, àti irin kan lókè tí ẹ lè dì mú. Ti ìsàlẹ̀ kò ga ju àpótí ìdáná yín lọ. Náírà méjìlélógójì ló gbà. Márùndínláàádọ́ta ló kọ́kọ́ pè, mo ná an.

Àwọn olùrà wá. Ẹnì kan ní ó ti gbó jù. Mo ní kó lọ ra tuntun, nínú ọ̀wọ́n ọjà Sáàpù tí ìjọba gbé dé yìí. Ẹlòmíràn fọwọ́ gbá pákó, ó ní ṣé pósí ni mo kàn ni. Músá ní pẹ̀lú iye tí mo ń pè yẹn, àfi kí n fi ìyàwó kún ọkọ̀.

Ìgbà tó yá, Alhaji kan dé láti Bauchi. Ó kó agbádá funfun rẹ̀ sókè, ó wolẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, kò nájà rárá. Ó ní iye tí mo pè lòun máa san. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lápò kó tó tọ́ka sí àtẹ̀gùn yín, tó ní kí Músá gé e dànù, pé yóò máa gbá òkúta lọ́nà ọ̀dọ̀ àwọn. Mo bi í pé báwo ni ìyá rẹ̀ yóò ṣe wá gun ọkọ̀. Ó ní ìyá òun kì í wọ pikọ́ọ̀pù.

Màámi, n kò mọ ìgbà tí mo gbé gálọ́ọ̀nù kúrò lórí ọkọ̀. Mo kàn rí i lọ́wọ́ mi ni. Mo bẹ Alhaji pé kó má bínú. Ó ní orí mi ò pé. Músá ní ó ti pẹ́ tóun náà ti ń fura.

Orí mi pé, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Owó lọ́rì tí yóò kó ẹrù mi wálé, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tèmi, ju owó epo tí pikọ́ọ̀pù yóò mu dé Ọ̀fà lọ. Tí mo bá kó pòtétò sẹ́yìn rẹ̀, tí mo tà á ní Ìlọrin, epo ti di ọ̀fẹ́. Owó Alhaji kò sì lè ra ọkọ̀ mìíràn tí yóò wọ ọ̀nà oko Ojoku nínú òjò. Ṣé kí n wá ta ọkọ̀, kí n wálé wá máa wá ọkọ̀?

Nítorí náà, àwa méjèèjì là ń bọ̀ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, torí ẹ ti búra, mo sì mọ̀ yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ fèrè mi, ẹ jáde, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, ẹ di irin mú. Tó bá di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ tì yín lẹ́yìn kí ẹ tó jókòó, màá gbé gálọ́ọ̀nù padà sórí ọkọ̀ lójú yín, màá tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá dé láti Ijagbo. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dá gùn ún, ọjọ́ ọjà Ojoku tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i la máa lọ ra iṣu. Sìdí lè tẹ̀ lé wa. Ẹ̀yìn ni yóò jókòó sí, yóò sì sanwó. Ẹ̀yin nìkan ni ọ̀fẹ́.

Ọlọ́run yóò fún orúnkún yín lágbára, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tilé-toko. Gálọ́ọ̀nù náà kò ṣófo mọ́ o. Mo ti rọ epo ojú ọ̀nà sínú rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń kọ́ irin ní ìkúnlẹ̀,

Gàníyù