Ìparí Orúkọ Iṣẹ́ Mi

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le.

Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, oníṣẹ́ abẹ ni oníṣẹ́ abẹ, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin. Faransé tí wọ́n ń sọ níbí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìparí orúkọ iṣẹ́ ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe é níwọ̀nba. Ti ọkùnrin ni wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà mi, tí àwọn aláìsàn fi ń wọlé, tí wọ́n ń ní, "Ọ̀gbẹ́ni náà dà?" Mo ní kí wọ́n yí i padà sí ti obìnrin.

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn mà jọ orúkọ ìyàwó dókítà. Ta ló máa gbà kí ìyàwó dókítà la ikùn òun?"

Wọ́n yí i padà. Láti ìgbà náà, wọn ò fún mi ní aláìsàn kankan mọ́. Èyí tí mo ti múra sílẹ̀ fún, ọ̀gá ló ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Ọwọ́ mi kúkú ń sinmi. Ọ̀la ni wọ́n máa sọ bóyá màá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó gba oorun lójú yín.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Tí wọ́n bá tún ń fi mí yangàn níwájú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, ẹ má dá wọn lẹ́kun.

Ọmọ yín.