Tẹlifíṣọ̀n Aling Sidra Tí A Kì Í Gbọ́ Ohùn Rẹ̀

Luningning, àbúrò mi,

Ìmísí ni kí èèyàn wo ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kó sì ti ibẹ̀ rí ohun tí yóò di tirẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Manila níbí nìyẹn.

Mo ti ka ìwé ìtàn tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn, inú mi dùn gan-an. Mo rí ibi tí ọmọbìnrin méjì ti ń wo tẹlifíṣọ̀n láti ojú fèrèsé aládùúgbò, tí wọn kì í gbọ́ ohùn rẹ̀, tí ọ̀kan sì ń dá ọ̀rọ̀ sí àwọn òṣèré lẹ́nu. Mo tún gbọ́ ohùn Aling Sidra, aládùúgbò wa nígbà èwe wa: "Ẹ gbé imú yín kúrò lára gíláàsì mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni!"

Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ lo fi ara rẹ ṣe. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀, Ning. Ìwọ lò ń béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló tún wá sọ?"

Kò burú. Ìwé tèmi náà ń bọ̀, iṣẹ́ ló kàn pọ̀.

Bá mi kí Màmá. Tí o bá fẹ́ kọ òmíràn, pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, jókòó ní ìwọ nìkan, kí o kọ ohun tí o rò pé wọ́n ń sọ. Fa ìlà pa gbogbo èyí tó bá jọ ohùn mi. Èyí tó bá kù ni kí o kọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Felisa