Erè Tí Mo Jó Mọ́ Géètì ní Kamazou

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àdúrà, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Kàdúná níbí, àyà mi kanlẹ̀. Mo kí Bàbá Àgbà níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, tí wọn yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo ti bú ara mi.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí tẹrú tọmọ ń kà. Gbangba ni mo ti ṣẹ̀ yín, Màmá. Lójú gbogbo ọmọ agbo ilé ni mo ti pè yín ní òpùrọ́. Gbangba náà ni mo fẹ́ ti tọrọ àforíjì.

Ara wa le, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ti wọ̀lú. Bí a bá fi òrí pa ẹsẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti funfun bíi ti ẹni tó ti inú èlùbọ́ jáde. Haúsá ni mo ń sọ láti òwúrọ̀ títí mo fi ń ti ṣọ́ọ̀bù, àfi nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń gbọ́ “ẹ kú iṣẹ́.” Bọ́lá, ọmọ ọmọ yín, gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá bá a sọ ọ́, “To, Baba” ti Haúsá ló fi ń dá mi lóhùn. Ìgbà mìíràn wà tí àárò ilé ń mú mi débi pé mo máa ń bá ẹ̀rọ tí mo fi ń jó irin sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ọpẹ́ ló yẹ mí. Láti ìgbà tí ọ̀gá mi ti ṣe fíríídọ̀mù fún mi, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Sabon Tasha, lẹ́bàá títì tó lọ sí Kachia.

Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tó wọlé fún mi ni géètì Ọ̀gbẹ́ni Yohanna, ọmọ Gúúsù Kàdúná níhìn-ín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí Kamazou. Ó ní òun ò fẹ́ kìnnìún, òun ò fẹ́ ẹyẹ idì, nítorí wọ́n ti pọ̀ jù lára géètì àdúgbò. Dírágónì lòun fẹ́. Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù: ó níyẹ̀ẹ́, ó léèékánná, iná ń bù jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó sọ pé inú ihò ló máa ń sùn lórí wúrà, títí ọkùnrin kan fi gun ẹṣin wá, tó fi ọ̀kọ̀ pa á. Mo bi í bóyá ẹnì kan ti rí i rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó rí i, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọn kì í ti í ròyìn rẹ̀. Ó ní ti àwọn ará Ṣáínà kò níyẹ̀ẹ́, ó gùn bí ejò, ó nírùngbọ̀n, inú kùrukùru ló ń gbé, òun ni wọ́n sì ń bẹ̀ fún òjò.

Mallam Sani tí mo ń ra irin lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́, ó ní kí la ń wá lọ sí Ṣáínà. Ó ní ní Daura tó wà lókè wa níbí, ejò kan jókòó sínú kànga tí kì í jẹ́ kí ará ìlú pọnmi àfi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, títí àlejò kan fi bẹ́ ẹ lórí. Àwọn méjèèjì ń jiyàn. Ìtàn tiyín wà lẹ́nu mi, Màmá, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Mo ṣe dírágónì náà. Mo fi páànù gé ahọ́n iná, mo kùn ún ní pupa àti yẹ́lò, àwọn èèyàn ń dúró wò ó, orí mi sì wú. Ọjọ́ tí a gbé géètì náà kọ́ ni Yohanna gbé ìyá rẹ̀ dé láti abúlé. Nítorí màmá yìí ló ṣe kọ́lé. Ní ọdún tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nígboro, àwọn jàǹdùkú sun ilé wọn, aṣọ ọrùn wọn nìkan ni wọ́n wọ̀ sá jáde, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn ò ní sùn ní Kàdúná mọ́ láyé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ yìí fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n wo ẹnu ẹranko náà, wọ́n sì béèrè pé ta ló gbé iná sẹ́nu ọ̀nà ọmọ àwọn. “Ba zan shiga ba,” àwọn ò ní wọlé. Wọn ò pariwo, wọn ò sunkún. Wọ́n lọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lábẹ́ igi dongoyaro, wọ́n ní kí wọ́n dá àwọn padà sí abúlé. Yohanna wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn padà sínú mọ́tò. Ì bá bú mi ì bá sàn. Èmi tí mo ti ń gbé ìlú yìí látọjọ́ yìí, tí mo mọ àwọn tí wọ́n sunlé wọn, kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Wọ́n gbà láti sùn sílé ìbátan kan títí di ọjọ́ kejì. Mo bẹ Yohanna pé kó fún mi ní àyè títí ilẹ̀ ọ̀la fi máa mọ́. Mo gé iná náà kúrò, ẹnu ẹranko wá yà sílẹ̀ bí ẹni tó ń yán. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn yín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni nígbà èwe mi, à ń pa èkùrọ́, ẹ ní òṣùmàrè tí à ń rí lójú ọ̀run, erè ńlá ni, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé, òun ló máa ń gbé omi lọ sókè kí òjò má bàa tán láyé. Mo dìde, mo ní irọ́ ni, tíṣà wa ti sọ pé oòrùn àti òjò ló ń fà á. Gbogbo ọmọ rẹ́rìn-ín. Ẹ dá ọ̀rọ̀ náà dúró láàárín, ẹ gbé igbá èkùrọ́ yín, ẹ wọlé. Láti ọjọ́ náà ẹ ò pa àlọ́ fún wa mọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwé tí mo kà nígbà yẹn ló ń pa mí bí ọtí.

Mo yọ ìyẹ́, mo yọ èékánná. Mo tẹ páìpù bí ọrun ọdẹ láti ìsàlẹ̀ apá géètì kan, ó gba òkè, ó sọ̀ sí apá kejì. Mo fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe omi tó ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo tọrọ ọ̀dà tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, mo fi kùn ún ní gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè.

Ní òwúrọ̀, màmá náà yà níbẹ̀ lọ́nà gáréèjì, Yohanna tẹ̀ lé wọn. Wọ́n fọwọ́ kan irin náà, wọ́n bi mí pé kí ni. Mo ní ìyá mi ló sọ fún mi, erè tó ń gbé omi ni. Wọ́n bi mí bóyá ńṣe ló ń mu omi náà tán àbí ó ń fún èèyàn. Mo ní ó ń fún èèyàn. Wọ́n bá wọlé. Yohanna yíjú sápá kan, ó ń nu ojú.

Wọ́n ti kọjá géètì kí wọ́n tó padà bi mí pé, bí erè náà bá gbé omi dé òkè tán, ńkọ́? Ṣé ó ń padà sílé ni àbí ọ̀run ló ń gbé? Mo ní n kò mọ̀, ìyá mi ò parí rẹ̀. Wọ́n ní kí n tètè lọ béèrè, nígbà tí ẹni tí mo máa bi ṣì wà.

Màmá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ tí mo fi yín ṣẹ̀sín lé lórí ló bò mí láṣìírí nílẹ̀ àjèjì. Ẹ forí jì mí. Ní Kérésìmesì èmi, Rúùtù ìyàwó mi àti Bọ́lá ń bọ̀, a ó sì gbé atalẹ̀ tí màmá Yohanna fi ránṣẹ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn tí wọ́n bá mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ojú yín ò ní rí ibi, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́.

Bí a bá dé, èmi ni n ó máa pa èkùrọ́. Ẹ jẹ́ kí Bọ́lá jókòó lẹ́sẹ̀ yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti dá a dúró. N kò ní já lu ọ̀rọ̀ yín mọ́.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń retí ìyókù ìtàn,
Oyèwọlé.