Aṣọ Òjò Bàbá

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi o. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Aṣọ òjò tí Bàbá fi ń pẹja nígbà ayé wọn, tí ẹ ń wá ní Ìbẹṣẹ̀, ẹ má bi ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi ni mo gbé e.

Nígbà tí ibà Lásà wọ ọsibítù wa, a béèrè aṣọ ìdáàbòbò. Ọ̀gá wa ní kò sí, kí àwa nọ́ọ̀sì máa dọ́gbọ́n sí i. Ni mo bá ń wọ aṣọ òjò Bàbá tọ́jú aláìsàn. Wákàtí méjì ni àwọn ọ̀gá fi ṣèpàdé lé e lórí! Wọ́n ní mo sọ ọsibítù di èbúté ẹlẹ́ja, pé àlejò ìjọba ń bọ̀, kí n bọ́ ọ kíá. Ṣé ibà mọ àlejò ni? Ìkà ènìyàn! Mo bọ́ ọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni aláìsàn kan bì lé mi lára.

Wọ́n ti yà mí sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹ má gbé ọbẹ̀ gba Àgbọ̀wà wá o, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ rí mi. Orí tó ń fọ́ mi yìí, ooru ni.

Mo kí ará ilé. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún mi náà ní kí n kí yín. N kò tíì rí ojú rẹ̀: aṣọ tí ọ̀gá wa ní kò sí ló wọ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Fàlílátù yín