Ìjánu Tíṣà

Ọjọ́ Ajé, 3 Nòfẹ́ńbà 2025

Solomon wá sí àgbẹ̀dẹ mi láàárọ̀. Wọ́n fẹ́ fi í jẹ Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wọn lọ́jọ́ Àìkú, àgbàyà sì ní ẹṣin lòun máa gùn dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní ṣebí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni Jésù tirẹ̀ gùn. Ó ní kí n panu mọ́, kèfèrí. Láti kékeré la ti ń bú ara wa bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mọ́ wa.

Ẹṣin Ṣàfíù ló fẹ́ gùn. Ṣàfíù ló ń fi ẹṣin háyà fún àwọn tó ń ṣègbéyàwó àti àwọn tó ń joyè, láti Ilora dé Fiditi. Ẹṣin pupa gíga kan, orí sókè bí òpó iná, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Tíṣà. Tíṣà tó lé mi kúrò ní kíláàsì kẹta, bó ṣe ń gbé orí tirẹ̀ nìyẹn.

Solomon ń ráhùn pé ẹṣin ìjòyè níbòmíràn a máa tẹrí ba, a máa jó. Èyí kàn ń rìn bí ẹni tó ń lọ oko ni. Ẹnu mi tí kì í sinmi ló dáhùn. Mo ní, "Fi sílẹ̀ fún mi. N ó rọ ohun tí yóò mú un kí ọ ju bí ìyàwó rẹ ti ń kí ọ lọ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Nòfẹ́ńbà

Mo rọ ọ́. Ìjánu ni, irin tó dábùú ẹnu bí ti gbogbo ẹṣin. Àmọ́ mo gbé ahọ́n irin kan sókè láàárín rẹ̀, tó tó ìka ọmọdé. Bí wọ́n bá fa okùn, ahọ́n yẹn á kan àjà ẹnu. Iṣẹ́ náà dán. Inú mi dùn sí ọwọ́ mi.

Aláṣẹ wá wò ó. (Ọyálọ́lá ìyàwó mi ni. Kò mọ̀ pé orúkọ tí mo ń pè é nínú ìwé yìí nìyẹn.) Ó rán mi létí òfin àgbẹ̀dẹ wa: ohun tí a bá rọ, ara wa la ó kọ́kọ́ dán an wò kó tó jáde. Abẹ — irun apá mi. Ọkọ́ — ebè mi. Ó ní, "Èyí ńkọ́, Bàbá? Ṣé ẹnu yín ló kọ́kọ́ ń lọ ni?" A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa.

Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e fún Ṣàfíù.

Ọjọ́bọ̀, 6 Nòfẹ́ńbà

Pápá ilé-ìwé. Ṣàfíù di okùn mú, èmi dúró níwájú. Mo ní, "Tíṣà, kí bàbá ẹ." Ṣàfíù fa okùn. Háà. Orí tó ga bí òpó iná wá sílẹ̀ wẹ́rẹ́, àgbọ̀n kan àyà. Ẹsẹ̀ ń gòkè, ẹsẹ̀ ń sọ̀ — ijó! Mo tún wí, ó tún fà. A ṣe é títí oòrùn fi mú. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sórí koríko.

Tíṣà ń kí mi. Èmi tí wọ́n máa ń ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé ọwọ́ sókè.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Nòfẹ́ńbà

A tún ṣe é. Ṣàfíù ní kò jẹ ọkà bàbà rẹ̀ tán lánàá. Mo ní ìgbéraga ló ń jáde lára rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Nòfẹ́ńbà

Ọjọ́ Solomon. Àwọn ọlọ́kadà pàápàá pa ọkadà wọn kí wọ́n lè wòran. Solomon jókòó lórí gàárì bí ẹni pé wọ́n bí i síbẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì mo bọ́ síwájú, mo sọ ọ̀rọ̀ mi. Tíṣà tẹrí ba. Ó jó. Ariwo ta, fóònù lọ sókè.

Ìfòfó ń kán lẹ́nu ẹṣin. Obìnrin kan ní ẹ wo bí inú rẹ̀ ti ń dùn. Mo sún mọ́ ọn ju obìnrin yẹn lọ. Ìfòfó náà kò funfun tán. Mo yíjú sí àwọn tó ń hó.

Solomon jẹ́rìí nínú ilé ìsìn. Mo ń gbọ́ ọ láti ìta. Ó ní ẹranko pàápàá mọ ẹni tí Olúwa yàn. Ẹ̀fẹ̀ tí ǹ bá fi bú u di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Kò wá sí mi lẹ́nu.

Ọjọ́ Ajé, 10 Nòfẹ́ńbà

Oorun kò kùn mí. Ogbó ni.

Ọjọ́rú, 12 Nòfẹ́ńbà

Kì í ṣe ogbó.

Mo lọ wo Tíṣà. Ó dúró, koríko wà níwájú rẹ̀, kò fẹnu kàn án. Ṣàfíù ń fi omi iyọ̀ fọ ẹnu rẹ̀. Ó gbé ètè rẹ̀ sókè fún mi. Àjà ẹnu ti ya. Ahọ́n ti wú, ó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òórùn ibẹ̀ — n kò ní kọ ọ́.

Mo bi Ṣàfíù léèrè ìdí tí kò fi wí fún mi. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ rọ ọ́. Ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Ó ní àwọn ará Fiditi ti rí i nínú fóònù, wọ́n fẹ́ ijó yẹn níbi ìgbéyàwó ní Àbámẹ́ta. Ẹnì kan ní Iware náà ń béèrè irú ìjánu bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fún mi ní irin mi kí n tún un ṣe. Irọ́ ni mo pa. Mo kàn fẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 13 Nòfẹ́ńbà

Mo fọ irin náà. Mo gbé e sí ẹnu mi. Mo fún Aláṣẹ ní okùn, mo fi ọwọ́ júwe fún un pé kó fà. Ó bi mí bóyá orí mi pé. Mo tún júwe. Ó fà á — díẹ̀, bí ẹni ń fa òwú lára aṣọ.

Orí mi lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àgbọ̀n mi kan àyà. Ẹsẹ̀ mi ń gbéra, n kò sì rán an níṣẹ́.

N kò kí ẹnikẹ́ni. Mo ń sá fún irin ni, kò sì sí ibi tí mo lè sá sí.

Aláṣẹ ju okùn sílẹ̀, ó ń sunkún. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Nòfẹ́ńbà

Mo sọ ọ́ sínú iná, mo lù ú títí ó fi di ìkọ́ ilẹ̀kùn. Ṣàfíù wá gbà á, mo na ìkọ́ sí i. Mo ní kó bú mi. Ó ní òun ò lè bú bàbá òun. Ó lọ ránṣẹ́ sí Fiditi pé ara ẹṣin kò dá.

Ì bá bú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Nòfẹ́ńbà

Aláṣẹ gbọ́ lọ́jà pé Tíṣà ti ń jẹun. Mo jẹun pẹ̀lú.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Nòfẹ́ńbà

Solomon yà lọ́dọ̀ mi bó ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ahọ́n irin, ìfòfó, gbogbo rẹ̀. Ó ní oyè òun ni mo ń jowú. Mo ní kó dìde ká lọ wo ẹnu ẹṣin.

Tíṣà wà lẹ́yìn ilé Ṣàfíù, wọn ò so ó, kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀, kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ àyàfi koríko tútù. Orí rẹ̀ ti padà sókè bí òpó iná. Inú mi dùn débi pé mo ti sọ̀rọ̀ kí n tó mọ̀. Mo kàn ní, "Tíṣà, ṣé dáadáa lo wà?"

Koríko bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Orí wá sílẹ̀ wẹ́rẹ́, àgbọ̀n kan àyà. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ijó.

Solomon gbá mi léjìká. Ayọ̀ kún ojú rẹ̀ bí ti ọmọdé. Ó ní, "Ṣé o rí i? Kò sí irin kankan. Ó kí mi."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Bí mo bá lanu, ẹṣin á tún gbọ́ mi.