Ẹ̀sùn Lórí Jíìpù Tí Wọ́n Ní Kò Ní Dákú

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Dáàbò Bo Oníbàárà,
Àjà Kejì, Ilé Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÒṢÌṢẸ́ YÍN TÓ NÍ KÍ N RA ỌKỌ̀ TÓ MỌ̀ PÉ KÒ DÁRA

1. Agbẹ̀bí ni mí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ilé aláboyún ni mo máa ń lọ gbẹ̀bí. Nígbà tí ọkọ̀ mi àtijọ́ kọṣẹ́, àwọn ọmọ mi ní kí n yan èyí tó bá wù mí. N kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, ni mo bá wá bá òṣìṣẹ́ yín tó ń gba àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ nímọ̀ràn.

2. Mo ní n kò wá fàájì, ọkọ̀ tí kò ní dákú lójú ọ̀nà ni mo ń wá. Ó ní, "Màmá, jíìpù yìí ni kẹ́ ẹ rà. Ó ń lo epo, ó ń lo iná mànàmáná. Bí ọ̀kan bá kọ̀, èkejì á gbé e." Lóòótọ́, ìjókòó rẹ̀ rọ̀ ju ibùsùn mi lọ.

3. Nígbà tó di oṣù kẹrin tí mo ti ń wà á, káfíńtà kan pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé ẹsẹ̀ ni ọmọ ìyàwó òun fẹ́ fi wáyé. Mo dé ìdajì ọ̀nà, iná pupa tàn, jíìpù dúró gbagidi. Epo kún inú rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí àpò iṣẹ́ mi wà, kò ṣí, torí iná ló ń ṣí i. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi rìn débẹ̀, lọ́wọ́ òfo. Ọmọ náà ti wáyé. Kò ké.

4. Mẹkáníìkì tó tú bátìrì ńlá rẹ̀ sọ pé ìkẹrin irú rẹ̀ nìyí lọ́dún yìí, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ yín. Mo wá bi òṣìṣẹ́ yín náà. Kò jiyàn. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tà á." Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

5. N kò bẹ̀bẹ̀ fún jíìpù mìíràn. Ẹ yọ ọkùnrin náà kúrò lórí àga yẹn, kí ẹ sì kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ti gbà nímọ̀ràn.

6. Ìyá ọmọ náà kò bá mi jà. Bá a bá pàdé, á kúnlẹ̀ kí mi, á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ fún un pé àmúwá ọ́fíìsì yín ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín tó ń retí èsì,

Ìyá Ìkókó,
Agbẹ̀bí.