Mo Ti Lẹ Báńdéèjì Mọ́ Fóònù Lẹ́nu

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, afọnfèrè tó ń kọ́ àwọn afọnfèrè,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìdúró, nítorí mo ti wá mọ̀ pé ẹ kì í jókòó níbi iṣẹ́ yín. Ọlọ́run tó fún ọ ní èémí tí o fi ń jẹun kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ, àyà kò ní dùn ọ́, ètè rẹ kò ní bó, ibi tí o bá ti la ẹnu, wọn yóò fetí sí ọ. Tí ara rẹ bá le, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún náà nìyẹn. Ara tèmi náà le, ojú tí mo máa fi jáde ni mi ò ní.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí. O mọ̀ pé tíṣà tó fẹ̀yìntì nísàlẹ̀ àdúgbò ló máa ń bá mi kọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá a, òun náà wà ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà, èyí tó rí ti tó o. Má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí, ìwé mi ò kọjá ibi tí bàbá mi ti ní kí n wá máa gbé àwọn àbúrò mi pọ̀n.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Òrùlé yàrá tí o máa ń sùn jò, a ti dí i. Ajá wa bímọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, gbogbo ọmọ náà ló jọ ajá káfíńtà, káfíńtà sì ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Bàbá rẹ ń kí ọ. Láti ọjọ́ náà wọn ò bá mi wí, wọ́n á kàn gbé omi tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ní kí n mu ún, pé ọ̀nà ọ̀fun mi á ti gbẹ.

Mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ náà láti òkè. Ó yá, mo dúró.

Nígbà tí o ránṣẹ́ pé wọ́n pè ọ́ kí o wá kọ́ni ní fèrè ní ilé ẹ̀kọ́ orin ìgbà ọlidé, níbi tí àwọn ọmọ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń wá, tí o sì ní a lè wò yín lórí fóònù, kò sí ẹni tí mi ò sọ fún ládùúgbò, aránṣọ àti káfíńtà náà sì wá jókòó sí pálọ̀ wa. Mo wọ aṣọ tuntun. Aránṣọ bi mí pé ta ló fẹ́ rí i, mo ní ọmọ mi ni, ó ní fóònù yẹn ò ní fi mí hàn án, mo ní kó lọ rán aṣọ ẹ̀. Awakọ̀ tó máa ń bá wa gbé nǹkan lọ síbẹ̀ wá síbí ló bá mi tẹ ohun tí o fi ránṣẹ́, ó gbé fóònù ti kọ́ọ̀pù lórí tábìlì, ó ní bí fóònù bá bi mí ní nǹkan kí n máa tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Fóònù bi mí bóyá òun lè gba ohùn mi. Mo ní kó gbà á, kí ni mo fẹ́ fi ṣe. O mọ̀ pé n kì í kọ̀ fún ẹni tó bá fi sùúrù béèrè.

A rí ọ. Gbọ̀ngàn náà tóbi, pákó ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé fèrè lé itan. Mo sunkún ayọ̀ díẹ̀. Òótọ́ ni pé mo kọ́kọ́ rò pé fèrè rẹ ti wọ́, torí ẹ̀gbẹ́ lo dà á sí, mo sì ń sọ fún aránṣọ pé o ò fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò yẹn, orí ẹ̀ lò ń fẹ́ ẹ gbà kọjá bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná. Aránṣọ ní bóyá ó gbóná lóòótọ́. O gbé ọwọ́ lé ọmọ kan ní ikùn nígbà tó ń fọn tiẹ̀, mo ní inú ń run ọmọ yẹn, ọmọ mi ti mọ̀. O mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní aṣọ lórí, o tì í bọ inú fèrè, mo ní ẹ wò ó, ó ń bá a nu imú. Gbogbo wa ń gbádùn ara wa.

Ni baba onírun funfun yẹn bá jáde. Tíṣà tó fẹ̀yìntì ló ń túmọ̀ fún wa, ó ní baba náà ni àgbà gbogbo ẹ̀yin afọnfèrè tó wá kọ́ni, pé ó fẹ́ kọ́ ọ̀kan nínú yín níwájú àwọn ọmọ. Ìwọ lo dìde. Ohùn kan ṣoṣo ló ní kí o fọn. O fọn ọ́n. Ó ní kí o tún un fọn. O tún un fọn. Ó ní rárá, ó fọwọ́ tẹ èjìká rẹ wálẹ̀, ó ní ó tún yá. O ò tíì fọn orin kankan o, ohùn kan náà ni, àwọn ọmọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán ń wò ọ́, àwọn kan tiẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní tèmi, tíṣà tí wọ́n bá ń bá wí lójú ọmọ ilé ìwé, iyì ẹ̀ ti tán níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń gbà kí wọ́n tún òun kọ́ ní gbangba, kí àwọn ọmọ lè rí i pé ẹ̀kọ́ kì í tán. Ìgbà tí omi ti dànù tán ni tíṣà tó ṣàlàyé. Ó ní òun rò pé mo mọ̀.

Mo bá dìde, mo sún mọ́ fóònù. Mo rò pé ìwọ nìkan lo máa gbọ́ mi, bí o ṣe máa ń gbọ́ mi nígbàkúùgbà tí mo bá pè ọ́. Mo kígbe pé kí o sọ fún baba yẹn kó rọra, kí o sọ fún un pé akólòlò ni ọ́ láti kékeré, pé tí wọ́n bá ń lé ọ báyẹn ẹnu rẹ á há, àti pé ìdí tí a fi wá fèrè fún ọ nìyẹn, torí inú fèrè nìkan lọ̀rọ̀ rẹ ti ń jáde geere.

Gbogbo gbọ̀ngàn ló wòkè. Ohùn mi ló ń jáde nínú sípíkà tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, ó tóbi ju èmi gan-an lọ. Mo gbọ́ ara mi lọ́hùn-ún lẹ́yìn tí mo ti sọ ọ́ tán níbí.

Baba náà yíjú sí ọ, ó ní kí ni obìnrin yẹn ń wí. O la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ tó ń gbọ̀n, bó ṣe máa ń gbọ̀n nígbà tí a bá rán ọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìyẹn gbẹ̀yìn. Mo ti rò pé ó ti lọ. Èmi ni mo lọ mú un wá padà, mo sì tún ń wí pé ẹ ò rí i, ẹ ò rí i, ṣé mo sọ fún yín, títí tí ẹnì kan lọ́dọ̀ yín fi pa ohùn mi. A ṣì ń rí yín. O gbé fèrè sẹ́nu, o fọn ohùn kan yẹn. Mi ò lè sọ bóyá ó dára. Baba náà ò ní kí o tún un fọn.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ dìde, ó ní òun gbàgbé pákó síta, òjò lè rọ̀. Aránṣọ ní òun náà gbàgbé pákó.

Láti ọjọ́ náà mi ò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà jáde. Inú ń bí mi sí ara mi, inú ń bí mi sí kọ́ọ̀pù tí wọ́n gbé fóònù tì. Mo bi awakọ̀ pé níbo lẹnu fóònù wà, ó fi ihò kan hàn mí nísàlẹ̀, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ibẹ̀ ni gbogbo àṣírí ọmọ mi gbà jáde. Mo wá báńdéèjì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. O pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì gbé e. Màmá tí o fẹ́ pè mí há mọ́ ọ lẹ́nu, kó tó jáde. O ní inú bí ọ, pé o ò lè sọ pé inú ò bí ọ. O ní ṣé mò ń gbọ́. O tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, o wá ní bóyá nẹ́tíwọ̀kì ni, o sì pa á. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì, ọmọ mi. Èmi ni. Mo ti búra pé mi ò ní sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀ mọ́, ni mo bá ń mi orí sí ọ, gbogbo ohun tí o sọ ni mo mi orí sí, tàánú-tàánú. Ìgbà tí o pa á tán ni mo rántí pé o ò lè rí orí mi.

Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, bá mi fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra rédíò kékeré. Rédíò lèmi lè bá gbé, ohun tó bá wu èèyàn ni kó sọ sí i, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, tí wọ́n bá sì fi yín síbẹ̀ màá gbọ́. Jọ̀ọ́, awakọ̀ ni kí o fi rán, má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó níbẹ̀ ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, pẹ̀lú gbogbo èrò tó tò sẹ́yìn mi. Mo wò ó, mo ní ìwọ ẹ̀rọ yìí, o ò tíì gbọ́ irú ọwọ́ tí mo fi ń mú àṣírí.

Tí o bá tún pè kí rédíò tó dé, tí ọ̀rọ̀ bá há, má bá a jà. Fọn ohùn kan yẹn sí i. Màá mọ̀ pé ìwọ ni, màá ṣí báńdéèjì, màá ní mo gbọ́, màá sì pa ẹnu mi dé.

Kí Ọlọ́run tú ahọ́n rẹ, kó sì bá mi so tèmi.

Èmi ni,
ìyá rẹ, tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn.